Ẹni Tó Dá Wà Níwájú Kò Dá Débẹ̀

Àwọn baba wa a máa wí pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ náà sì ti pẹ́ lẹ́nu wa tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń pa á bí ẹni ń kíni ní ẹ kú ọ̀sán, láìdúró béèrè pé kí ni ohun náà gan-an tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ọ̀hún. Èmi rí ohun tí mo lè fi tọ́ka sí i nínú ìgbésí ayé ọkùnrin ará Ìtálì kan tó fi kẹ̀kẹ́ gígùn ṣe iṣẹ́ jẹun. Fausto Coppi ni orúkọ rẹ̀, ẹni tí àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ kì títí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Campionissimo, èyí tí í ṣe akọni tí ń borí akọni.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1949, nínú ìje ńlá tí wọ́n ń pè ní Giro, èyí tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ fi ń yí ilẹ̀ Ìtálì ká fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkùnrin yìí já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ojú ọ̀nà Cuneo sí Pinerolo, ó dá nìkan gun kẹ̀kẹ́ fún kìlómítà 192, ó ń pọ́n òkè, ó ń sọ̀ ọ́, òkè ńlá márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ti débi tí ìje pin sí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 12 kí ẹni kejì, Gino Bartali, tó yọjú. Mario Ferretti, tó ń ròyìn ìje náà lórí rédíò, kéde fún gbogbo ilẹ̀ náà pé ẹnì kan ṣoṣo ló wà níwájú. Ẹ̀fà nìyẹn o. Òtítọ́ pọ́ńbélé sì ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ tó máa ń ṣi ọ̀dọ́ lọ́nà ni, nítorí ọmọ tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ẹsẹ̀ méjì àti ọkàn líle ti tó ẹni í gbé ayé, kò sì ní bèèrè àwọn tó wà lẹ́yìn.

Ní Castellania, abúlé kékeré kan lórí òkè ní agbègbè Piedmont, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1919, ọmọ àgbẹ̀ tí kò ní púpọ̀ lọ́wọ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò: láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé ló ti ń bá alápatà kan ṣiṣẹ́ ní ìlú Novi Ligure, tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé ẹran káàkiri fún àwọn oníbàárà, lórí ilẹ̀ tó jẹ́ òkè ni, ìsọ̀ ni. (Èmi tí mo ti ti kẹ̀kẹ́ gun Òkè Màpó rí, tí mo sì dúró mí lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dé òkè, mo mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ.) Ní Novi Ligure yìí ni ọkùnrin kan wà tí a ń pè ní Biagio Cavanna, afọ́jú tó ń wọ́ra fún àwọn agunkẹ̀kẹ́. Ojú rẹ̀ kò ríran, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ń ríran. A máa fọwọ́ tẹ itan ọmọkùnrin wò bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà, yóò sì mọ èyí tó gbó àti èyí tó tutù. Òun ló fọwọ́ mọ Coppi, òun ló kọ́ ọ bí a ti ń jẹun, bí a ti ń sùn àti bí a ti ń ṣọ́ agbára ná. Ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ni í bá àgbà jẹun. Coppi wẹ ọwọ́ rẹ̀, ó sì jókòó ti àgbà tí kò ríran, ó ń gba ìmọ̀. Ìwọ tí o fẹ́ fi agbára ara jẹun lónìí, yálà kẹ̀kẹ́ ni o, bọ́ọ̀lù ni o, tàbí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, kọ́kọ́ wá Cavanna tìrẹ kí o tó wá bàtà olówó iyebíye.

Nígbà tó sì di ọdún 1940 tó kọ́kọ́ wọ Giro, kì í ṣe láti borí ni wọ́n ṣe gbà á. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni wọ́n gbà á fún, pé kó máa sin Bartali, ẹni tí òkìkí rẹ̀ ti kàn nígbà náà. Ajá kan ló dá Bartali ṣubú ní ìbẹ̀rẹ̀ ìje, ìrètí rẹ̀ sì dòfo; ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá ṣe ìránṣẹ́ ló gba ipò kìíní, ọmọ ogún ọdún péré. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ: nítorí pé kò fojú kékeré wo iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni ara rẹ̀ ṣe wà ní ìmúrasílẹ̀ nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀.

N óò dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ìránṣẹ́ wọ̀nyí, nítorí àwọn gan-an ni ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá agunkẹ̀kẹ́. Ẹni tó wà níwájú ló ń fi àyà la afẹ́fẹ́, bí ẹni ń fi àdá la igbó, ẹni tó bá sì sá sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí ń rìn lọ́nà tí ẹlòmíràn ti yẹ̀. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń ní àwọn tí àwọn ará Ìtálì ń pè ní gregario, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti fi ara la afẹ́fẹ́ fún ọ̀gá wọn, láti sáré lọ bu omi wá fún un, láti yọ táyà ara kẹ̀kẹ́ wọn fún un bí tirẹ̀ bá jò, kí wọ́n sì wá jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà kí ìje kọjá lára wọn. Owó ẹ̀bùn tí ọ̀gá bá gbà, àṣà ni pé kó pín in láàárín wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Andrea Carrea. Nínú Tour de France, ìje ńlá ti ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1952, Carrea tẹ̀ lé àwọn kan tó sá síwájú lọ́nà Lausanne, kó lè máa ṣọ́ wọn fún ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka àkókò, òun ló bọ́ sí ipò kìíní nínú gbogbo ìje, wọ́n sì fẹ́ gbé ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè ti aṣíwájú wọ̀ ọ́. Ẹkún ló bú sí. Ẹ̀rù bà á pé Coppi yóò rò pé òun fẹ́ gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì lọ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọ̀gá tí inú rẹ̀ dùn sí i. Ní ọjọ́ kejì, lórí òkè Alpe d'Huez, Coppi fi gbogbo ayé sílẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀wù náà sì bọ́ sí i lọ́rùn títí dé Paris. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí ń ka ọ̀rọ̀ mi, ta ni Carrea yín, kí ni ẹ sì fún un lóṣù tó kọjá?

Ẹnìkan lè já mi ní koro pé inú pápá ìsáré kẹ̀kẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀, pé níbẹ̀ kálukú ló ń gbọ́ tara rẹ̀. Lóòótọ́, Coppi jọba níbẹ̀ náà: ó gba adé àgbáyé nínú ìje ìlépa, níbi tí ẹni méjì ti ń bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì pápá tí wọ́n sì ń lé ara wọn, lọ́dún 1947 àti 1949. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1942, nígbà tí ogun wà lóde tí àdó olóró sì ń já lu Milan, ó wọ pápá Vigorelli ní ìlú náà, ó gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan gbáko, ọ̀nà tó rìn sì lé ní kìlómítà 45. Ẹnikẹ́ni kò bá a pín afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀ ìka Cavanna wà nínú itan rẹ̀. Nǹkan bí ọdún 14 ni àṣeyọrí yẹn fi dúró kí ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé kan, Jacques Anquetil, tó ré e kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí orúkọ yìí, a óò tún pàdé rẹ̀.

Ogun kó o lọ sí Tùnísíà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú un lẹ́rú lọ́dún 1943, àwọn ọdún tí ẹsẹ̀ ọ̀dọ́ máa ń mú jù sì lọ báyìí. Ìgbà tó padà dé ló gba Giro mẹ́rin mọ́ ti àkọ́kọ́ àti Tour méjì, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba méjèèjì lọ́dún kan náà.

Òun àti Bartali ńkọ́? Orogún ni wọ́n, Ìtálì sì pín sí méjì nítorí wọn. Lọ́dún 1948, nínú ìje àgbáyé ní Valkenburg, wọ́n ṣọ́ ara wọn títí tí kò fi sí èyí tó sáré nínú wọn, àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ wọn, àwọn aláṣẹ eré náà sì fi ìyà jẹ wọ́n. Ìlara rèé, ó fi oúnjẹ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwòrán kan wà tí wọ́n yà ní ọdún 1952, tí ìgò omi ń ti ọwọ́ ọ̀kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì lórí òkè. Títí di òní ni wọ́n ń jiyàn ẹni tó fún ẹnìkejì. Lójú tèmi, ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í bèèrè ìran olómi.

Mo fẹ́ kí n dákẹ́ níbí, ṣùgbọ́n ibi tí ìmọ̀ràn wà gan-an ló kù. Coppi ní àbúrò kan, Serse, agunkẹ̀kẹ́ bíi tirẹ̀, ẹni tó wà lára àwọn méjì tí wọ́n jọ pín ipò kìíní nínú ìje Paris–Roubaix ọdún 1949. Lọ́dún 1951, kò ju díẹ̀ lọ mọ́ kí ìje kan parí ní Turin nígbà tí táyà rẹ̀ há sínú irin ọ̀nà ọkọ̀ tíráàmù, ó ṣubú, ó fi orí gbá ilẹ̀. Ó dìde, ó parí ìje, ó lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀jẹ̀ ti ń dà nínú orí rẹ̀, kó sì tó di ọjọ́ kejì, ó ti di olóògbé. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gun ọ̀kadà kiri láìdé akoto, ẹni tó ṣubú lu orí tó sì dìde kò tíì bọ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejìlá ọdún 1959, wọ́n pe Coppi, Anquetil àti àwọn mìíràn wá sí Upper Volta, tí a ń pè ní Burkina Faso lónìí, láti wá fi kẹ̀kẹ́ dárà ní Ouagadougou. Anquetil ló gba ipò kìíní, Coppi ṣe ìkejì. Wọ́n tún lọ dọdẹ. Yàrá kan náà ni òun àti Raphaël Géminiani, ará Faransé, jọ sùn, ẹ̀fọn sì fi àwọn méjèèjì ṣe oúnjẹ alẹ́. Wọ́n padà sílé, kálukú sí ilẹ̀ rẹ̀, ara kálukú sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ìyá àgbà èyíkéyìí ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá gbọ́ pé ẹni tó ti ọ̀dọ̀ wa dé ń gbọ̀n, tí ara rẹ̀ ń jó bí iná, yóò pe ibà lórúkọ kí o tó parí ọ̀rọ̀. Ní Faransé, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Géminiani wò, wọ́n rí ibà níbẹ̀, wọ́n sì fún un ní kuníìnì. Àwọn ará ilé rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìtálì, wọ́n ní ohun tó ń ṣe tiwa ló ń ṣe tiyín. Àwọn tó ń tọ́jú Coppi kò gbà á gbọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n àwọn yìí kọ ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n. Ọkùnrin tí afọ́jú fi ọwọ́ ríran fún, tí ọ̀pọ̀ fi àyà la afẹ́fẹ́ fún, ọwọ́ tí ì bá gbà á là nà sí i láti òkèèrè, wọ́n sì tì í sẹ́yìn. Ó sì ti fọwọ́ sí ìwé pé ní ọdún 1960 òun yóò gun kẹ̀kẹ́ fún ẹgbẹ́ kan tí Bartali, orogún àtijọ́, yóò jẹ́ olùdarí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kíní ọdún 1960, Fausto Coppi kú ní ilé ìwòsàn Tortona, ẹni ọdún 40. Géminiani, tí wọ́n jọ sun yàrá kan náà, kú ní oṣù Keje ọdún 2024, ẹni ọdún 99.