Pàǹtí Ilé Wa

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa ní Ìbàdàn kún àkúnya. Ó wó ilé, ó sì gbé ènìyàn lọ. Òjò pọ̀ nítòótọ́, ṣùgbọ́n pàǹtí tí àwọn ará ìlú dà sínú odò ti dí ọ̀nà omi.

Ẹni tí ó gbálẹ̀ ilé rẹ̀, tí ó da pàǹtí sínú àgbàrá, ẹnu ọ̀nà ọmọnìkejì rẹ̀ ni ó dà á sí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa yà á sọ́tọ̀ láti ilé. Èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, bí a bá fi erùpẹ̀ bò wọ́n nínú kòtò, yóò di ajílẹ̀. Agolo, ìgò àti ike ní olùrà. Ìwọ̀nba tí ó kù, ẹ fi fún àwọn kólẹ̀kólẹ̀. Ẹ má ṣe dúró de òjò kí ó bá yín gbé e.