ṢE ÌGBÁTÍ SÍ ÒRÙLÉ RẸ

BÍBÉLÌ KÍKÀ: Deuteronomi 22:8, Eksodu 21:28-29, Owe 23:29-35

Ọlọ́run pàṣẹ fún Ísírẹ́lì pé ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, nítorí pé orí òrùlé ni wọ́n ti máa ń gba atẹ́gùn. Bí ènìyàn bá já bọ́ níbi tí kò sí ìgbátí, ọrùn onílé ni ẹ̀jẹ̀ náà yóò wà. Kíyè sí i pé Ọlọ́run kò ní kí onílé dúró di ìgbà tí ẹnìkan bá kú.

Bí oṣù “ember” bá ti wọlé, a máa ń gbààwẹ̀, a máa ń de gbogbo ẹ̀mí amùjẹ̀ ojú pópó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n arákùnrin kan yóò wọ ọkọ̀ ní gáréèjì, yóò gbọ́ òórùn paraga lẹ́nu awakọ̀, yóò pariwo “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!”, yóò sì jókòó. Ará, sọ̀kalẹ̀! Owó ọkọ̀ kò tó ẹ̀mí rẹ. Kìlọ̀ fún àwọn èrò yòókù, kí o sì pe 122, nọ́ńbà àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988.

Awakọ̀ á ní àgbo ni, pé ti ẹ̀yìn ríro àti jẹ̀díjẹ̀dí ni òun ń mu. Kí ni wọ́n fi rẹ egbò náà? Ògógóró ni. Omi tútù tàbí kọfí kò sì lè lé e kúrò lára. Ẹ̀dọ̀ ló ń fà á tán díẹ̀díẹ̀, débi pé ẹni tó mu àmupara lálẹ́ lè ṣì ní ọtí nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tó bá ń gbé ọkọ̀ jáde ní ìdájí. Òun kò sì ní mọ̀. Ọ̀mùtí inú ìwé Owe, wọ́n lù ú, kò tiẹ̀ dùn ún.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí kì í fi í ṣe ti ọ̀mùtí nìkan. Bí màlúù tó máa ń kàn bá pa ènìyàn, tí wọ́n sì ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀ tẹ́lẹ̀, olówó rẹ̀ náà jẹ̀bi. Ta ló ń gba owó ìsọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta paraga lẹ́nu gáréèjì? Olówó ọkọ̀ tó ń gbowó lálaalẹ́, ǹjẹ́ ó bi awakọ̀ rẹ̀ léèrè rí? Ní 2018, NAFDAC àti àwọn tó ń ṣe ọtí jọ fọwọ́ sí i pé ọtí inú ọ̀rá, èyí tí kò wọ́n tó sì rọrùn láti fi sápò, yóò dópin ní January 2024. Nígbà tí àkókò tó, ariwo sọ, wọ́n tún sún un síwájú. Ariwo owó ni o!

Nínú ìjọ ńkọ́? Arábìnrin wa tó ń ta ọtí, ẹ jẹ́ ká fi owó ràn án lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ òwò mìíràn, dípò ká máa bá a wí lórí pẹpẹ, ká sì máa gba ìdámẹ́wàá rẹ̀. Ẹni tó ń bójú tó ọkọ̀ ìjọ, súnmọ́ awakọ̀ tí o háyà, bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú kí bọ́ọ̀sì tó gbéra. Bí àna rẹ bá sì mutí níbi ìgbéyàwó, gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí o wá ẹni tí yóò wà á lọ sílé. Ó lè bínú o.

ÀDÚRÀ: Baba, fún mi ní ìgboyà láti sọ̀kalẹ̀, àti láti sọ̀rọ̀, ní orúkọ Jésù.