Ẹ Má Da Kápúsù Ènìyàn Sómi Adìẹ Mọ́

Bí adìẹ bá ti ń tòògbé lẹ́yìnkùlé, kẹ́mísì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń sáré lọ. A ó ra tẹtirasáíkílìn tí wọ́n ṣe fún ènìyàn, a ó já kápúsù náà, a ó da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sómi, a ó sì gbé e síwájú gbogbo agbo. Bí méjì bá kú, a ó fi kún un. Èyí tó bá sì ń pọ̀kàkà ikú, a ó yára dúńbú rẹ̀ kó tó kú, tàbí ká kó ìyókù lọ sọ́jà kówó má bàa ṣègbé. Mo ń sọ ọ́ gbangba: àṣà yìí burú, kì í sì í ṣe adìẹ nìkan ló ń pa lára.

Ẹ wo lúkúlúkú, tó ń run adìẹ ìbílẹ̀ wa, pàápàá nígbà ọyẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 1952 ni wọ́n ti dá a mọ̀ n'Íbàdàn. Adìẹ á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á máa ya ìgbẹ́ tó láwọ̀ bí ewé, apá rẹ̀ á wọ́lẹ̀, ọrùn rẹ̀ á lọ́, kò sì ní pẹ́ tí àgò á fi ṣófo. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Kò sí kápúsù tó lè pa á, kò sì sí oògùn tó ń wò ó. Èyí tó bá yè é, ara rẹ̀ ló gbà á là. Àwa la kàn ń fi ìyìn fún kápúsù.

Àjẹsára ló ń dènà rẹ̀. Ilé ìwádìí àrùn ẹran tó wà ní Vom lẹ́bàá Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe èyí tí a ń kán sójú adìẹ ìbílẹ̀: ẹ̀kán kan sí ojú kan, ká sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Adìẹ tí ara rẹ̀ dá là ń fún. Kì í wo èyí tó ti ń ṣàìsàn.

Wàyí o, àìsàn adìẹ máa ń jọra wọn. Òròmọdìẹ tí kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà lọ lè ká gúọ́gúọ́, kó kọ oúnjẹ. Ó lè jẹ́ àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí ilẹ̀ tútù ń ràn, tí oògùn tó ń jẹ́ amprolium ń wò. Ó sì lè jẹ́ Gumboro, tó jẹ́ ti fáírọ́ọ̀sì, tí kò lóògùn. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Dókítà ẹran tó bá la òkú rẹ̀ ló ń rí i: ẹ̀jẹ̀ tó kún inú ìfun méjì tí kò ní ojú àbájáde, tàbí kókó kékeré tó wú lókè ihò ìdí. Ti lúkúlúkú, àpò kékeré tó ṣáájú iwe ni á ti rí ojú ẹ̀jẹ̀ wínníwínní.

Kápúsù tí a dà sómi kò sì ní parẹ́. Á wọnú ẹyin, á wọnú ẹran, á dé ẹnu ọmọ wa. Kòkòrò àrùn tí kò bá pa tán á kọ́ bí a ti ń fara dà á, kòkòrò náà á sì máa ti ara adìẹ bọ́ sí ara ẹni tó ń fún un lóúnjẹ. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá ṣàìsàn gan-an, oògùn yẹn lè má ràn án lọ́wọ́ mọ́.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ti adìẹ tó ń kú lọ tí a ń dúńbú. Ní oṣù kejì ọdún 2006, Jaji ní ìpínlẹ̀ Kaduna ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn burúkú ti ẹyẹ tó ń jẹ́ H5N1 nílẹ̀ Áfíríkà. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, ó pa obìnrin kan l'Ékòó. Lójú ẹni tó ń sin adìẹ, kò sí ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí lúkúlúkú tiwa. Ẹni tó ń tu ìyẹ́ adìẹ bẹ́ẹ̀, tó ń fọwọ́ kó ìfun rẹ̀, kò mọ ohun tó ń fọwọ́ kàn.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ ya èyí tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀ kíákíá, kí ẹ má fi bàtà tí ẹ wọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyókù. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ló kú, ẹ fi ọ̀rá méjì wé e, ẹ fi yìnyín tì í, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ti yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti yunifásítì ọ̀gbìn l'Abẹ́òkúta. Bó bá jẹ́ púpọ̀ ló kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má gbé òkú kankan kúrò níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn, ẹ má sì ta ìyókù fún ẹnikẹ́ni. Ẹ pe dókítà ẹran ìjọba ìbílẹ̀ yín wá lọ́jọ́ náà gan-an.