Kílò Mẹ́rin Kì Í Ṣe Nǹkan Kékeré

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Emùré-Èkìtì níbí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru, lọ́dún tó kọjá ni wọ́n tún sọ fún mi pé mo ní ìtọ̀ ṣúgà. Kílò 96 ni mo wọ̀n lọ́jọ́ náà, dókítà sì ní kí n fọ́n. Èmi àti àwọn obìnrin kan nínú ìjọ wa wá ń rìn ní ìdájí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kílò mẹ́rin péré ló kúrò lára mi. Ìgbà tó yá, orúnkún mi ọ̀tún wú, mi ò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní kí n sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù méjì. Ọkọ mi ní kí n yé fìyà jẹ ara mi, pé àwọn ìyá wa sanra, wọ́n sì dàgbà. Aládùúgbò mi kan ti gbé tíì tó ń múni fọ́n wá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀?

Ó ti sú mi, Emùré-Èkìtì.

*

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú ìrọ́jú. Kílò mẹ́rin tí ẹ kà sí òfo yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá yín sọ.

Ní ọdún 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Stephen Messier ti Yunifásítì Wake Forest ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ẹrù tó ń bọ́ sórí orúnkún àwọn àgbàlagbà tó sanra, tí oríkèé sì ń dà láàmú. Wọ́n rí i pé bí ènìyàn bá fi kílò kan fọ́n, ẹrù tó ń kúrò lórí orúnkún rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń tó kílò mẹ́rin. Ẹ̀yin lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò: mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin. Kílò 16 nìyẹn, bí garawa ńlá tó kún fún omi, tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí orúnkún yín nígbàkígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ láti ilé dé ilé-ìwé. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà kò gbẹ́yìn. Àwọn tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ rí i pé kílò kan tó bá kúrò lára sábà máa ń mú nọ́ńbà òkè wálẹ̀ ní nǹkan bí ẹyọ kan.

Ní ti ìtọ̀ ṣúgà, àwọn dókítà ní Scotland àti àríwá England gbé àbájáde ìwádìí kan jáde ní ọdún 2017. Àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti ní àrùn náà ni wọ́n lò. Wọ́n mú kí wọ́n fọ́n gidigidi lábẹ́ ìṣọ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì, nígbà tí ọdún kan sì fi máa pé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí ṣúgà wọn ti padà sí bó ṣe yẹ láìlo oògùn. Oúnjẹ tí wọ́n fún wọn kéré púpọ̀, ẹ má dán irú rẹ̀ wò nílé. Mo mẹ́nu kàn án kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tí wọ́n sọ fún lọ́dún tó kọjá, bíi tiyín, ṣì wà ní àsìkò tí ara máa ń gbọ́ràn.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí òṣùwọ̀n nìkan máa dá yín lẹ́jọ́. Ẹ ní ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ ẹ̀jẹ̀ ríru yín sínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ kọ ṣúgà òwúrọ̀ kí ẹ tó jẹun, ẹ kọ ibi tí etí ìró yín ń dé. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò HbA1c, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí látẹ̀yìnwá, tí kò sì ṣeé fi oúnjẹ àná tàn. Bí òṣùwọ̀n bá dúró gbagidi lóṣù kan, nǹkan mìíràn nínú ìwé náà lè ti yí padà sí rere, òun ni yóò sì mú yín jí lọ́jọ́ kejì.

Ẹ ò ya ọ̀lẹ. Ètò kan ṣoṣo ni ẹ ní, ètò ọjọ́ tí ara bá dá. Ẹni tó ní àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀ nílò ètò kejì, tí yóò ti wà nílẹ̀ kí orúnkún tó wú. Lọ́jọ́ tí kò bá ṣeé rìn, ẹ jókòó sórí àga tó le. Ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú kí ó tọ́, ẹ ka ení dé àrún, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tó bọ́ sí èkejì. Iṣan itan ló ń gbé orúnkún ró, bí ẹ bá sì sinmi fún oṣù méjì gbáko, iṣan yẹn á rọ, ìrora á wá le sí i. Bí ara bá ti ń fúyẹ́, ẹ máa dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti ara yín, kí ẹ sì tún jókòó. Ẹ má di èémí sínú bí ẹ bá ń ṣe é, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Apá náà wà níbẹ̀: ẹ di omi sínú ike méjì, kí ẹ máa gbé wọn sókè sódò. Folashade Oluwafemiayo, ọmọ Nàìjíríà, apá ló fi gba góòlù ìdíje irin gbígbé ti àwọn aláàbọ̀ ara ní Tokyo ní 2021 àti ní Paris ní 2024. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá irú ìdárayá orí àga yìí tó fún ọjọ́ tí ara ò bá dá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀. Wọ́n ka ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti oní-ìtọ̀ ṣúgà mọ́ ọn, wọ́n sì fi kún un pé díẹ̀ sàn ju àìṣe rárá lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ta ló yẹ orúnkún yẹn wò? Kí ni ẹ sì lò sí i? Ìbéèrè yìí ká mi lára, torí mo mọ bí a ṣe ń ra oògùn ara ríro ní ìlú wa. Diclofenac àti ibuprofen lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Dexamethasone àti prednisolone, tí àwọn kan ń tà bí oògùn akọ fún oríkèé, máa ń gbé ṣúgà sókè, wọ́n sì máa ń mú ènìyàn sanra sí i. Ẹni tó ń rìn láàárọ̀ tó ń gbé ìyẹn mì lálẹ́ ń ṣe làálàá lórí asán. Ẹ kó gbogbo oògùn yín sínú àpò, kí ẹ gbé e lọ sí Ọsibítù Ìjọba. Ẹ ní kí wọ́n fi yín ránṣẹ́ sí àwọn físíò ní ilé-ìwòsàn olùkọ́ni ní Adó-Èkìtì. Tó bá jẹ́ Daonil tàbí abẹ́rẹ́ insulin ni ẹ ń lò, ẹ má rìn pẹ̀lú ebi, ẹ mú ṣúgà díẹ̀ dání, torí òòyì lè kọ́ yín lójú ọ̀nà. Àmọ́ ẹ má fi ọwọ́ ara yín dá oògùn kankan dúró. Tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá sì ti dé 180 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà.

Tíì aládùúgbò yín, ẹ dá a padà. Ewé tó ń ṣuni ló wà nínú púpọ̀ wọn. Omi ara ló ń lọ, ọ̀rá wà níbẹ̀. Nínú àwọn kan, wọ́n ti bá sibutramine, oògùn tí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kó kúrò lọ́jà ní 2010 nítorí ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru kọ́ ló yẹ kó fẹnu kan án.

Mi ò ní sọ fún ọmọ Èkìtì pé kó má jẹ iyán. Ẹ gé e sí ìdajì, ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja tàbí ẹ̀wà ṣáájú, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó jẹ́ oúnjẹ alẹ́. Epo ló ń tanni jù nínú ọbẹ̀ wa: ṣíbí ìjẹun kan péré ń fún ara ní nǹkan bí kálórì 120. Málítì àti ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ń pín lóde òkú ní Sátidé, omi ni kí ẹ fi rọ́pò wọn.

Ẹ bá mi dá bàbá, ọkọ yín, lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ìyá wa sanra, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ oko, wọ́n sì ń ru iṣu bọ̀. Àwa ń gun ọ̀kadà lọ sí ọjà tí kò jìnnà. Ẹlòmíràn nínú àwọn ìyá náà ṣubú lójijì, a ní ayé ló ṣe é, kò sẹ́ni tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ rí.

Ibi tí ẹ ó ti máa rìn náà ṣe pàtàkì. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti kó àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn lójú ọ̀nà Eporo nítòsí yín ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi ìdájí rìn jáde ìlú. Pápá ilé-ìwé yín tẹ́jú, orúnkún sì fẹ́ràn ilẹ̀ tó tẹ́jú. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí èémí kò délẹ̀, ẹ dúró, ẹ wá ìtọ́jú.

Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ ó ka ìwé ìròyìn yìí. Ẹ bá ìyàwó yín rìn yí pápá náà ká lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ̀yin ọmọ wọn tí ẹ wà ní Èkó àti Àkúrẹ́, ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́ sílé kí oṣù yìí tó parí.