Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ỌMỌ ẸGBẸ́: Bí A Ṣe Lè Mọ Ohun Tí Ìlú Wa Nílò Jù Lọ

Nínú ẹ̀kọ́ wa ti oṣù mẹ́ta yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí owó díẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń yà sọ́tọ̀ lára èrè ọdún fún àǹfààní ìlú. Bí a ṣe ń yà á sọ́tọ̀ kọ́ ni a fẹ́ sọ, bí kò ṣe bí a ṣe lè mọ ohun tí ó yẹ kí a fi ṣe. Owó yìí kì í pọ̀. Bí a bá ná an sí ibi tí kò yẹ, ó lè tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí irú rẹ̀ tó tún wà nílẹ̀.

Ní ọdún 1995, ní ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àpapọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ gbogbo àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà 7 tí gbogbo ẹgbẹ́ ń tẹ̀lé. Ìkeje nínú wọn ni pé kí ẹgbẹ́ máa ro ti ìlú tí ó wà nínú rẹ̀. Ìlànà náà fi kún un pé ọ̀nà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá fọwọ́ sí ni kí a gbà ṣe é. Nítorí náà, kì í ṣe alága nìkan, kì í sì í ṣe ìgbìmọ̀ nìkan, ni ó ni àṣẹ láti sọ pé, "Èyí ni ìlú ń fẹ́."

1. Kí ló dé tí a fi ní láti béèrè?

Àwọn ìgbìmọ̀ kan máa ń sọ fún wa pé, "Ìlú wa nìyí, ibẹ̀ ni wọ́n bí wa sí. Ta ni a tún fẹ́ bi?" Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́ ní gbogbo ìgbà. Nínú àbẹ̀wò wa, a dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan tí ó ra ẹ̀rọ tí a fi ń rin gbágùúdá fún àwọn obìnrin ìlú. Ẹ̀rọ náà dára, owó rẹ̀ kò sì lábùkù nínú ìwé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi àwọn obìnrin náà ní ohunkóhun. Omi ni wọ́n fi ń fọ gbágùúdá kí wọ́n tó rin ín, odò sì jìnnà sí ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwọn obìnrin padà sí ìletò kejì, níbi tí omi àti ẹ̀rọ wà pọ̀. Ìpẹtà ń jẹ ẹ̀rọ ẹgbẹ́ lábẹ́ àtíbàbà. Àwọn tí ó rà á kò ṣe ibi o. Ẹni tí kì í fọ gbágùúdá ni ó dáhùn fún ẹni tí ń fọ̀ ọ́.

2. Ta ni kí a bi?

Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá ilẹ̀ Ifẹ̀. Bí a bá pe ìpàdé kan ṣoṣo ní ààfin tàbí ní gbọ̀ngàn, àwọn tí ẹnu wọn dùn ni yóò sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù yóò mi orí, wọn yóò sì lọ sílé. Nítorí náà, ẹ pín ìpàdé sí ọ̀nà mẹ́ta ó kéré tán: àwọn àgbà ọkùnrin, àwọn obìnrin, àti àwọn ọ̀dọ́. Kí obìnrin darí ìpàdé obìnrin. Ẹ má ṣe fi í sí ọjọ́ ọjà, ẹ má sì ṣe fi í sí àkókò tí wọ́n ń dáná alẹ́.

Ẹ rántí àwọn tí kì í wá sí ìpàdé rárá: àgbẹ̀ tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ tí ó ń gbé inú oko, àlejò tí ó háyà yàrá, opó tí kò ní ẹni tí yóò bá a ṣọ́jà, arúgbó àti abirùn tí kò lè jáde. Ẹ lọ bá wọn nílé. Bí ìlú bá tóbi, ẹ má ṣe yan ilé àwọn ọ̀rẹ́ yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìkángun àdúgbò, kí ẹ sì máa wọ ilé kan nínú márùn-ún títí ẹ ó fi dé ìkángun kejì. Báyìí ni ẹnikẹ́ni kò fi ní sọ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ yan àwọn tí ẹ bi. Ẹ bi ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú, nítorí kànga ìlú kì í mọ ọmọ ẹgbẹ́ yàtọ̀.

3. Báwo ni kí a ṣe béèrè?

Bí ẹ bá bi ènìyàn pé, "Ṣé ẹ fẹ́ iná?" kò sí ẹni tí yóò ní òun kò fẹ́. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò kọ́ wa ní nǹkan kan. Ẹ bi í nípa ìgbésí ayé rẹ̀:

(a) Nínú ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, iṣẹ́ wo ni ó gba àkókò yín jù?
(b) Kí ni ẹ ná owó lé tí ìbá má ṣe bẹ́ẹ̀ bí ìlú bá ní ohun kan?
(d) Nígbà tí ẹnìkan ṣàìsàn gbẹ̀yìn nínú ilé yín, níbo ni ẹ gbé e lọ, báwo ni ẹ sì ṣe dé ibẹ̀?
(e) Kí ni ẹ rò pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ tún ṣe?

Bí ó bá ti dáhùn, ẹ tún bi í pé, "Kí ló fà á?" Ẹni tí ó ní òun ń fẹ́ omi lè jẹ́ pé kànga rẹ̀ ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rọ omi wà nílẹ̀, wáṣà inú rẹ̀ ni ó jẹ, tí kò sì sí ẹni tí ó dá owó láti pààrọ̀ rẹ̀. Àìsàn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Èkínní ń fẹ́ kànga tí ó jìn sí i. Èkejì ń fẹ́ owó kékeré àti ẹnìkan tí yóò máa bójú tó ẹ̀rọ.

Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ sínú ìwé, ní ọ̀rọ̀ ẹni tí ó sọ ọ́. Ẹ má ṣe ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó wá béèrè tí ó sì ṣèlérí ti di olóṣèlú, àwọn ènìyàn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí wọ́n rò pé ó fẹ́ gbọ́.

4. Bí a ṣe ń to àìní ní ìpele

Lẹ́yìn ìbéèrè, àìní tí ẹ ó kọ sílẹ̀ lè tó ogún. Ẹ da àwọn tí ó jọra pọ̀, kí ó kù bíi márùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn fi èso àgbàdo dìbò. Ẹ fi ohun kan ṣe àmì fún àìní kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí kò mọ̀wé lè mọ̀ ọ́n: ike omi fún omi, àdá fún ọ̀nà oko, ìkòkò agbo fún ilé ìgbẹ̀bí, àga fún gbọ̀ngàn, gbágùúdá fún ẹ̀rọ. Ẹ gbé igbá kan sí ẹ̀gbẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fún olúkúlùkù ní èso àgbàdo 5, kí ó pín in sínú igbá bí ó ti wù ú.

Àpẹẹrẹ ni èyí, kì í ṣe ìlú kan pàtó. Ká sọ pé ènìyàn 20 wá sí ìpàdé kọ̀ọ̀kan, èso 100 ni ìpàdé kọ̀ọ̀kan ní.

Àgbà ọkùnrin: gbọ̀ngàn 40, ọ̀nà oko 35, omi 15, ilé ìgbẹ̀bí 5, ẹ̀rọ 5.
Obìnrin: omi 45, ilé ìgbẹ̀bí 30, ẹ̀rọ 15, ọ̀nà oko 10, gbọ̀ngàn 0.
Ọ̀dọ́: ọ̀nà oko 40, omi 25, gbọ̀ngàn 15, ilé ìgbẹ̀bí 10, ẹ̀rọ 10.
Àpapọ̀: omi 85, ọ̀nà oko 85, gbọ̀ngàn 55, ilé ìgbẹ̀bí 45, ẹ̀rọ 30.

Ẹ wo ohun tí èyí kọ́ wa. Èkínní, bí ó bá ṣe pé àwọn àgbà ọkùnrin nìkan ni a pè, gbọ̀ngàn ni ìlú ìbá kọ́. Èkejì, omi àti ọ̀nà oko dọ́gba, nítorí náà ìjíròrò kò tíì parí. Ẹ̀kẹta, ilé ìgbẹ̀bí wà ní ipò kẹrin, ṣùgbọ́n 30 nínú èso 45 rẹ̀ ni ó wá láti ọwọ́ àwọn obìnrin. Àwọn tí ń rọbí ni ó mọ bí ọ̀nà ilé ìwòsàn ti jìn tó lóru. Nítorí náà, ẹ má ṣe ka àpapọ̀ nìkan. Ẹ ka ẹni tí ó fi èso sílẹ̀. Bí iye tí ó wá sí ìpàdé kò bá dọ́gba, ẹ sọ èso ìpàdé kọ̀ọ̀kan di ìdá ọgọ́rùn-ún kí ẹ tó rò ó pọ̀, kí ẹgbẹ́ tí ó pọ̀ má baà gbé ti àwọn tí ó kéré mì.

Fún ìgbìmọ̀ kékeré, ọ̀nà mìíràn tún wà: ẹ fi àìní wéra ní méjì méjì. Àìní 5 yóò fún yín ní ìfiwéra 10. "Omi tàbí ọ̀nà?" "Omi tàbí gbọ̀ngàn?" Báyìí títí yóò fi parí. Èyí tí ó borí jù ni ó ṣáájú. Ohun tí ó dára nínú rẹ̀ ni pé olúkúlùkù gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí ó fi yàn.

5. Kí ni ó wà ní agbára wa?

Àìní tí ó ṣáájú kọ́ ni ó ní láti jẹ́ iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ yóò kọ́kọ́ ṣe. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin: Èèyàn mélòó ni yóò jàǹfààní? Ta ni ìyà yóò jẹ bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọdún kan sí i? Èló ni yóò ná wa, èló sì ni àtúnṣe rẹ̀ lọ́dọọdún? Ṣé iṣẹ́ wa ni, àbí ti ìjọba ìbílẹ̀?

Nínú àpẹẹrẹ wa, kíkọ́ ọ̀nà oko pẹ̀lú afárá ju agbára ẹgbẹ́ kan lọ. Ẹ kọ ìwé sí ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sì fi àkọsílẹ̀ ìbò ìlú tì í lẹ́yìn. Ìwé tí ó ní iye ènìyàn nínú lágbára ju ẹ̀bẹ̀ lásán lọ. Ètò ìdàgbàsókè ìlú tí Ilé Ìfowópamọ́ Àgbáyé ṣe ìrànlọ́wọ́ fún, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2009, ní kí ìlú kọ́kọ́ kọ àìní tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìwé kí owó tó jáde. Ṣùgbọ́n àtúnṣe kànga wà ní agbára ẹgbẹ́, a sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: owó ìfowópamọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe owó iṣẹ́ ìlú. Owó ìpamọ́ tí òfin ní kí a yà sọ́tọ̀ kì í ṣe owó iṣẹ́ ìlú. Ìpàdé gbogbogbòò ni yóò fọwọ́ sí iye tí a ó ná, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Bí a bá bẹ ìwé yín wò, ohun tí a ó kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.

6. Ẹ padà lọ jíṣẹ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń kùnà. Wọ́n béèrè, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì dákẹ́. Lọ́dún kejì, bí wọ́n bá tún lọ béèrè, ìlú yóò ní, "Èyí tí a sọ lẹ́ẹ̀kan dà?" Láàárín oṣù kan, ẹ padà sọ́dọ̀ ìpàdé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ka iye èso fún wọn. Ẹ sọ ohun tí a yàn, ohun tí a kò yàn, àti ìdí rẹ̀. Àgbà tí gbọ̀ngàn rẹ̀ kò wọlé lè gba ìpinnu náà bí ó bá rí i pé a ka èso tirẹ̀ pẹ̀lú.

Àpẹẹrẹ kan láti Ìjẹ̀bú-Òde

Ní òpin àwọn ọdún 1990, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, onímọ̀ jọ́gíráfì tí ó kú ní ọdún 2022, kó ipa pàtàkì nínú iṣẹ́ ìdínkù òṣì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìwádìí, lẹ́yìn náà ni wọ́n pe onírúurú ará ìlú láti jíròrò, títí kan àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Nínú ohun tí ó jáde ni ètò tí ń yá ènìyàn lówó iṣẹ́, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni àwọn ènìyàn sì ń gbà rí owó náà. Inú ètò yìí ni abúlé ẹja Eriwe ti jáde, níbi tí àwọn tí ń sin ẹja àrọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ìbéèrè ṣáájú owó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ ẸGBẸ́ YÍN

1. Iṣẹ́ ìlú wo ni ẹgbẹ́ wa ṣe gbẹ̀yìn? Ta ni ó yàn án?
2. Àwọn wo ní ìlú wa ni kì í wá sí ìpàdé? Ta ni a ó rán sí wọn?
3. Bí a bá fi èso àgbàdo dìbò ní ọ̀la, kí ni a rò pé àwọn obìnrin yóò yàn? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi wé ohun tí wọ́n bá yàn gan-an.

Kí akọ̀wé ka ẹ̀kọ́ yìí sétígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí ó sì kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé ìpàdé. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ yín fún àbẹ̀wò, a ó fẹ́ kà á. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.