Sí Ẹ̀yin Tó Ń Kọ́ṣẹ́ Dókítà Ọmọdé

Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn: àìsàn ọmọdé kì í bẹ̀rẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dá ọmọ gúnlẹ̀, tí ojú rẹ̀ jìn wọnú, tí ẹ fa awọ ikùn rẹ̀ tí kò tètè padà sípò, ẹ ó fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà (ORS) pẹ̀lú síǹkì, ara rẹ̀ á sì yá. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá bi ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń pọnmi, ọmọ náà á tún padà wá. Ẹ bi í léèrè owó ọkọ̀ pẹ̀lú. Ìyá tó pẹ́ dé nítorí àìrówó kì í ṣe aláìbìkítà, ẹ má jágbe mọ́ ọn.

Àwọn kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú yín. Ní àwọn ọdún 1950, dókítà David Morley kúrò nílé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó tọ àwọn ọmọ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Ibẹ̀ ni káàdì ìdàgbàsókè ọmọ, tí ìyá ń tọ́jú sílé, ti gbilẹ̀ kárí ayé. Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé bíi tiyín, jẹ́ mínísítà ìlera Nàìjíríà láti 1985 sí 1992, ó sì gbé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé dé ìjọba ìbílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀, ẹ gbé e tọ alága ìjọba ìbílẹ̀, ọba àti ìyálọ́jà lọ. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ tún padà lọ. Ọmọdé kò lè dìbò. Ẹ gbẹnu sọ fún un.