Àkànní, Àtàǹpàkò Ta Ni Yóò Tẹ Rìmóòtù Náà?

Àkànní, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí o pè mí kí o tó sanwó. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o kà fún mi nípa ẹ̀rọ yẹn: pé ó ń gba ìkànnì mẹ́rin sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pé terabáìtì méjì ni, pé èèyàn lè máa darí ẹ̀ látorí fóònù. Ó ti wọ̀ ọ́ lójú, ohùn rẹ ti sọ fún mi. Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn, ọkọ mi. Ta lẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ agbàwòránsílẹ̀ yìí fún? Ṣé ìwọ ni, àbí ìyá rẹ, ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó tì ọ́ ní Peckham níbẹ̀ yẹn, tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá awò ojú ẹ̀ kó tó lè ka nọ́ńbà ara rìmóòtù?

Ìyá rẹ ò tọrọ terabáìtì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ní òun fẹ́ ò ju méjì lọ. Ó fẹ́ máa wo Songs of Praise nígbà tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kò sì fẹ́ kí eré EastEnders fo òun ní alẹ́ tí wọ́n bá ń kọ́ orin. Láti 1961 ni BBC ti ń ṣe Songs of Praise, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú sì ni wọ́n ń gbé e jáde. Ìwọ náà mọ irú ṣọ́ọ̀ṣì tí ìyá rẹ ń lọ. Kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́, kí wọ́n tó kíra wọn tán, kí wọ́n tó pín ìrẹsì ìdúpẹ́, àwọn tó ń kọrin lórí BBC ti palẹ̀ mọ́, wọ́n ti lọ sílé.

Mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ mọ́ pé màmá ò mọ ẹ̀rọ lò. Ta ló ń lo fídíò nílé yẹn nígbà tí ìwọ ń sùn sórí kápẹ́ẹ̀tì? O ò mọ ohun tójú wa rí lórí fídíò, ọmọ yìí. Wàá kọ́kọ́ ṣe aago ara ẹ̀, torí tí iná bá ti lọ pẹ́nrẹ́n, òdo ni yóò máa ṣẹ́jú níbẹ̀. Wàá tẹ ọjọ́, wàá tẹ ìkànnì, wàá tẹ ìgbà tí ètò máa bẹ̀rẹ̀, wàá tẹ ìgbà tó máa parí. Aago mẹ́jọ alẹ́, 20:00 ni wàá tẹ̀. Tí o bá tẹ 08:00, ètò àárọ̀ lo máa bá nínú kásẹ́ẹ̀tì. Wákàtí mẹ́ta ni kásẹ́ẹ̀tì E-180 sábà máa ń gbà, tí o bá sì gbàgbé láti yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó ti tán nìyẹn. Tí wọ́n bá wá yí aago ìlú padà ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹwàá tí ìwọ ò yí ti fídíò, wákàtí kan gbáko lo fi ṣì í.

Ìṣòro yẹn ló mú kí wọ́n ṣe VideoPlus+. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1990, VCR Plus+ ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Wọ́n á tẹ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ètò kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ìròyìn, ìwọ á tẹ nọ́ńbà yẹn nìkan, fídíò á sì fúnra ẹ̀ mọ ọjọ́, ìkànnì àti aago. Ìyá rẹ mọ̀ ọ́n lò bí ẹní mu omi. Báírò ló fi máa ń fa igi sábẹ́ àwọn nọ́ńbà náà, á sì tẹ̀ wọ́n lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ẹni tó ṣe ìyẹn ni o ń pè ní ẹni tí kò mọ ẹ̀rọ? Èèyàn kúkú ti ń ṣe ẹ̀rọ tó le, tó bá wá sú ẹlòmíràn, wọ́n á ní olúwarẹ̀ ti dàgbà jù.

Ẹ̀rọ òde òní tó ń lo Freeview, tẹlifíṣọ̀n tí áńtẹ́nà ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kò ní wàhálà yẹn rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ rà á. Látinú áńtẹ́nà orí òrùlé ni aago ti ń wọlé fún un, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa ṣe aago kankan. Àtòjọ ètò náà ń bá a wọlé, ti òní títí dé bí ọ̀sẹ̀ kan síwájú. Kí ìyá rẹ ṣí àtòjọ, kó gbé ojú lé EastEnders, kó tẹ bọ́tìnnì R lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ máa bi í bóyá ti òní nìkan ló fẹ́ tàbí gbogbo ẹ̀ láti òní lọ. Kó ní gbogbo ẹ̀. Ó parí.

Ibi tó dùn mọ́ mi nínú jù nìyí. Tí bọ́ọ̀lù bá pẹ́, tí wọ́n sún EastEnders síwájú, tàbí tí wọ́n gbé e lọ sí BBC Two, ẹ̀rọ tó bá dáa máa tẹ̀ lé e lọ ni. Ètò kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ tó ń bá a rìn nínú afẹ́fẹ́, nọ́ńbà yẹn sì ni ẹ̀rọ ń wá. Bí ìgbà tí o bá pe ọmọ lórúkọ láàárín èrò ni, aṣọ yòówù kó wọ̀, yóò dáhùn.

Ó wá ku rìmóòtù, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Má wo ẹ̀yìn páálí, rìmóòtù ni kí o wò. Ní ìlú òyìnbó yìí, bọ́tìnnì pupa méjì ló sábà máa ń wà lára rìmóòtù. Ọ̀kan ni pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ búlúù, èyí tó máa ń gbéni lọ sí ìwé ìròyìn orí BBC. Èkejì ni R tó ń gba ètò sílẹ̀. Tí méjèèjì bá tóbi bákan náà, tí wọ́n sì fara kan ara wọn, èyí tí kì í ṣe òun ni ìyá rẹ máa tẹ̀, á tún sọ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Èmi ló sì máa pè, kì í ṣe ìwọ, torí fóònù rẹ kì í dún lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án. Wá èyí tí R ẹ̀ dá dúró, tí lẹ́tà ara ẹ̀ hàn ketekete, tó sì ní bọ́tìnnì kan pàtó tó ń gbéni lọ tààrà síbi àwọn ohun tí a ti gbà sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé inú àkójọ kan ló ti máa wọ inú òmíràn kó tó rí EastEnders ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Kí ó tún jẹ́ rìmóòtù tó lè gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè, tó sì lè pa á. Ìdí ni pé tí rìmóòtù méjì bá wà lórí tábìlì, ti tẹlifíṣọ̀n ni yóò fi máa wo BBC, yóò wá máa fi ti ẹ̀rọ tẹ R sí ohun tí kò sí lójú ẹ̀. Ẹ so àwọn wáyà náà tán, ẹ gbé rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kó máa sùn níbẹ̀.

Ní ti terabáìtì rẹ, 500GB ti tó o. Àwọn tó ń ṣe é máa ń ka 500GB sí nǹkan bíi wákàtí 300 tó bá jẹ́ àwòrán lásán, tàbí bíi 125 tó bá jẹ́ HD. EastEnders, ìdajì wákàtí ni, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Wákàtí méjì lọ́sẹ̀ nìyẹn. Ìwọ tó o lọ Yunifásítì, pín 125 sí méjì kí o wò ó. Tó bá jẹ́ EastEnders nìkan, ó ju ọdún kan lọ kó tó kún! Kó kàn lè gba ìkànnì kan sílẹ̀ nígbà tó ń wo òmíràn, ìyẹn náà ti tó. Ìkànnì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé ìyá rẹ ń ṣí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni?

Mo ti mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ. O fẹ́ ní iPlayer ti BBC wà, kí ló dé tí a fi ń ra ẹ̀rọ. iPlayer dáa. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó dúró, ó fẹ́ orúkọ ìwọlé, ó fẹ́ ọ̀rọ̀ ìpamọ́, ìyá rẹ sì ti kọ ti ìkẹyìn sẹ́yìn Bíbélì kan tó ti fún ẹlòmíràn. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta Sky Stream tàbí Sky Glass fún un tìtorí ọ̀rọ̀ gbígbà sílẹ̀ yìí. Kò sí hard disk nínú wọn. Ohun tí ó bá fi sórí Playlist, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń wò ó. Ní ti hard disk tí ọ̀rẹ́ rẹ ní kí o kàn ti bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, tẹlifíṣọ̀n á kọ́kọ́ nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ mọ́, ohun tó bá sì gbà sílẹ̀ kì í sábà ṣeé wò lórí tẹlifíṣọ̀n mìíràn. Fọ́tò ìsìnkú bàbá àgbà wà nínú hard disk tó o ní lọ́wọ́ yẹn o. Má dán an wò.

Ohun tí ilé ìtajà ò ní sọ fún ọ, jẹ́ kí n sọ ọ́. O mọ̀ pé kí ìyá rẹ tó sùn, á yí gbogbo ilé ká, á máa pa súwíìṣì sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan: ti tẹlifíṣọ̀n, ti kẹ́tùlù, ti áyọ́ọ̀nù, àní èyí tí nǹkan kan ò sí nínú ẹ̀. NEPA ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Kí iná má wá dé lóru kó sì ba nǹkan jẹ́, ohun tí a fi dàgbà nìyẹn, ọgbọ́n sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n bá pa láti ara ògiri ò lè gba nǹkan kan sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ máa tòògbé, kí iná kékeré ara ẹ̀ máa tàn. Má bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, o ò lè borí. Gbé ẹ̀rọ náà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí ọwọ́ ẹ̀ ò lè dé, kí o fi séló-téèpù lẹ súwíìṣì náà mọ́lẹ̀, kí o sì fi Yorùbá kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà-gàdàgbà: MÁ PA Á.

Láísẹ́ǹsì tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé torí kò wò ó lójú ẹsẹ̀, kò nílò láísẹ́ǹsì. Gbígba ètò sílẹ̀ bí wọ́n ti ń gbé e jáde, láísẹ́ǹsì ni. Tó bá ti pé ẹni ọdún 75, tó sì ń gba owó ìrànwọ́ Pension Credit, ọ̀fẹ́ ni. Láti oṣù kẹjọ 2020, ọjọ́ orí nìkan ò tó mọ́. Bá a wo ìwé Pension Credit yẹn dáadáa, Àkànní. Kì í bèèrè nǹkan, o mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jọ lọ ni. Sọ fún ọmọ tó ń tajà kó tan ẹ̀rọ náà, kí o wá ki ọwọ́ rẹ bọ àpò. Ìyá rẹ ni kó wá ètò, òun ni kó tẹ R, òun ni kó wá ibi tó wọ̀ sí. Tó bá bojú wò ọ́ pé kí o ran òun lọ́wọ́, ẹ yí sí ẹ̀rọ mìíràn. Tó bá sì wá di pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ rà á, òfin fún yín ní ọjọ́ 14 láti sọ pé ẹ ò fẹ́ mọ́, nítorí náà ẹ rọra tú páálí, ẹ má fà á ya. Tọ́jú rìsíìtì pẹ̀lú, kó má tún wọ ẹ̀rọ ìfọṣọ pẹ̀lú ṣòkòtò.

Ó yá, gbé fóònù fún ìyá rẹ, kí o sì bọ́ síta díẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ló kù.